Ẹ̀rọ Oníyọ̀ Kò Ṣe Kílórínì Mọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ibi Tó Ti Dáṣẹ́ Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Náwó

Iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára àpótí ẹ̀rọ, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ń lọ ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bu omi díẹ̀ sínú ìgò ìdánwò tí ẹ kán oògùn sí i, kò pọ́n rárá, ó dúró bí omi òjò. Ìyẹn ni pé kílórínì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, kò sí níbẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé sẹ́ẹ̀lì, apá ẹ̀rọ tó ń sọ iyọ̀ di kílórínì, ti kú, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ra tuntun, mo dè é mọ́ páìpù, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, omi tún padà sí bó ṣe wà. Àṣé nǹkan kan ò ṣe sẹ́ẹ̀lì àtijọ́. Mo dá a padà sí àyè rẹ̀, ó sì lo ọdún méjì sí i kó tó kú ikú tirẹ̀. Omi ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe ẹ̀rọ: oògùn tó ń gba kílórínì lọ́wọ́ oòrùn ti tán nínú adágún, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

Láti ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń tò ó nìyí: omi ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn rẹ̀ ìṣàn omi, lẹ́yìn rẹ̀ sẹ́ẹ̀lì. Iná mànàmáná ló ń gbẹ̀yìn. Ohun tí kò ná ni ní kọ́bọ̀ ló ń ṣáájú, ohun tó wọ́n tó sì léwu ló ń kẹ́yìn.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an

Apá méjì ló ní. Àpótí ìdarí wà lára ògiri: òun ló ń gba iná ilé, tó ń sọ ọ́ di iná DC (irú iná bíi ti bátìrì) tí fóltì rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tí ámpù rẹ̀ pọ̀. Apá kejì ni sẹ́ẹ̀lì, tó wà lójú páìpù tí omi ń gbà padà sínú adágún, lẹ́yìn tó ti kọjá nínú asẹ́. Ẹ bá wo inú rẹ̀, ẹ ó rí àwọn awẹ́ irin pẹlẹbẹ tó tò ti ara wọn bí ojú ewé ìwé. Titanium ni wọ́n, wọ́n sì fi èròjà ruthenium tàbí iridium kùn wọ́n lára. Bí iná bá ń gba inú omi iyọ̀ kọjá láàárín wọn, iyọ̀ á di kílórínì, háídírójìn á sì máa yọ jáde bí ìfófó wẹ́wẹ́.

Kílórínì yẹn, tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, iyọ̀ ló ń padà dà. Nítorí náà iyọ̀ kì í jó tán bí epo ọkọ̀. Ohun tó ń dín in kù ni kí omi jáde kúrò nínú adágún: nígbà tí ẹ bá ń fọ asẹ́, tí òjò bá mú adágún kún àkúnwọ́sílẹ̀, tàbí tó bá ń jò. Ẹni tó bá ń da iyọ̀ sí i lóṣooṣù, kó lọ wá ibi tó ń jò, kó fi ẹ̀rọ lọ́rùn sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ṣé lóòótọ́ ni kílórínì ò sí?

Ẹ bu omi ní ibi tó jinlẹ̀ dé ìgúnpá, tó jìnnà sí ihò tí omi ń gbà wọlé. Ẹ má fi bébà ìdánwò tó ti pẹ́ nínú ilé tàbí tí ọ̀rinrin ti mú dán an wò. Oògùn tí a ń kán dára jù ú lọ.

Ìdẹkùn kan wà níbí tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Oògùn DPD tó ń sọ omi di pupa máa ń ṣì nígbà tí kílórínì bá pọ̀ jù. Tó bá ti kọjá nǹkan bíi 10 ppm (ppm kan ni miligíráàmù kan nínú lítà omi kan), ó lè bó àwọ̀ oògùn náà kúrò, kí omi sì funfun bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ wojú ìgò dáadáa nígbà tí ẹ bá ń kán oògùn sí i: bó bá pọ́n fìrí, tó sì ṣá lójú ẹsẹ̀, kílórínì ti pọ̀ jù ni. Láti rí ìdánilójú, ẹ pò omi adágún pọ̀ mọ́ omi inú ike tí kò ní kílórínì, ìlàjì sí ìlàjì, ẹ tún un dánwò, kí ẹ sì fi méjì sọ èsì náà di púpọ̀.

Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò sí, ìdánwò tó kàn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, torí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ṣe pàtàkì: tí ẹ bá gbé e sí 50, kì í ṣe pé ó ń ṣiṣẹ́ ní ìdajì agbára o, ńṣe ló ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tó tún ń sinmi fún ìgbà díẹ̀, ẹ sì lè bu omi nígbà tó ń sinmi. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá ti ìgò bọ ẹnu ihò tí omi ń gbà wọ adágún gan-an, kí ẹ bu omi níbẹ̀. Ẹ tún bu òmíràn láàárín adágún. Ẹ dán méjèèjì wò.

Ká ní ìwé ẹ̀rọ sọ pé ó lè ṣe gíráàmù 20 ní wákàtí kan, tí pọ́ǹpù sì ń ti 10,000 lítà láàárín wákàtí yẹn. Ẹ pín miligíráàmù 20,000 sí 10,000 lítà: 2 ppm ni. Omi ẹnu ihò gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 2 ppm ju ti àárín adágún lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì yín ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ 2. Bí méjèèjì bá dọ́gba, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ fo ìgbésẹ̀ 2, ẹ bọ́ sí 3.

Ìgbésẹ̀ 2: Ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ ẹ́

Ọ̀tá kílórínì mẹ́ta ló wà: oòrùn, ìdọ̀tí, àti àkókò tí kò tó.

Oòrùn ló burú jù. Nínú adágún tí kò ní ìbòrí, tí kò sì ní stabilizer (lára ike ẹ ó rí i pé cyanuric acid ni wọ́n kọ), oòrùn ọ̀sán lè pa èyí tó pọ̀ jù nínú kílórínì láàárín wákàtí díẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá a sáré. Fún adágún oníyọ̀ tó wà níta, 60 sí 80 ppm ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rọ ń béèrè fún. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yòrò, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó hàn nínú ìdánwò, nítorí náà ẹ má tún dà á sí i lọ́jọ́ kejì torí pé ẹ ò tíì rí i. Bó bá pọ̀ jù, tó kọjá 100, ńṣe ló ń so kílórínì lọ́wọ́, kò sì sí ohun tó ń dín in kù bí kò ṣe kí ẹ da omi nù kí ẹ sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ìdọ̀tí ní tirẹ̀ máa ń farapamọ́. Adágún lè mọ́ lójú kí ewédò, ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yẹn, sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní kọ̀rọ̀. Òru ni ẹ ó fi mú un. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀ tán, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, ẹ wọn kílórínì. Ẹ tún wọ̀n ọ́n kí oòrùn tó yọ. Lóru kò sí oòrùn tí ẹ lè dá lẹ́bi. Bó bá ti dín ju 1 ppm lọ, ohun alààyè ló ń jẹ ẹ́. Kílórínì olómi inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ fọ ògiri, kí ẹ máa fi kún un títí òru yóò fi kọjá tí kò ní dín mọ́. Ẹ má gbé iṣẹ́ yìí lé sẹ́ẹ̀lì lórí. Ó máa pẹ́ jù, ewédò á máa hù lọ, ẹ ó sì jẹ ẹ̀mí sẹ́ẹ̀lì dànù lásán.

Ti àkókò, ìṣirò ni. Adágún tó gba 50,000 lítà, ẹ̀rọ tó ń ṣe gíráàmù 20 ní wákàtí, wákàtí 8 lójúmọ́: gíráàmù 160 ni, ìyẹn 3.2 ppm. Bí ẹ bá gbé e sí 50, 1.6 ni. Nígbà tí oòrùn bá mú janjan, 2 sí 4 ppm lè lọ lójúmọ́ kódà pẹ̀lú stabilizer. Ẹ ti rí i pé 50 yẹn kò lè tó. Ẹ yẹ aago pọ́ǹpù wò pẹ̀lú, torí sẹ́ẹ̀lì kì í ṣiṣẹ́ tí pọ́ǹpù bá ti kú. Tí iná bá lọ tó dé, aago míì máa ń ṣì, pọ́ǹpù á wá máa ṣe wákàtí mẹ́ta níbi tí ẹ rò pé ó ń ṣe mẹ́jọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Iyọ̀ àti òtútù

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fẹ́ iyọ̀ láàárín 2,700 sí 3,400 ppm, pẹ̀lú 3,200 gẹ́gẹ́ bí ibi tó dára jù. Àwọn kan fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìwé ẹ̀rọ tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé. (Omi òkun tó nǹkan bíi 35,000, kí ẹ lè mọ bí tiwa ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ tó.)

Ẹ má gba ohun tí àpótí bá kọ gbọ́. Ọ̀pọ̀ àpótí kì í wọn iyọ̀ rárá. Iye iná tó ń gba inú sẹ́ẹ̀lì kọjá ni wọ́n ń wò, wọ́n wá ń fi méfò iyọ̀. Bí awẹ́ irin bá dọ̀tí, bí omi bá tutù, tàbí bí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń darúgbó, iná á dín kù, àpótí á sì máa ké pé iyọ̀ kò tó. Onítọ̀hún á da iyọ̀ sí i. Àpótí á tún ké. Á tún dà á sí i. Nígbà tó bá wá fọ sẹ́ẹ̀lì tán, iyọ̀ ti di 5,000, ẹ̀rọ á tún kọ iṣẹ́ torí pé ó pọ̀ jù, omi ni yóò sì dà nù. Ẹ fi ohun tó dá dúró wọ̀n ọ́n: bébà ìdánwò iyọ̀ tàbí mítà iyọ̀.

Bí ó bá wá kù díẹ̀ káàtó lóòótọ́, ìṣirò rẹ̀ kò le: kílò kan nínú 1,000 lítà ń mú iyọ̀ gòkè ní 1,000 ppm. Láti 2,400 dé 3,200 nínú 50,000 lítà, kílò 40 ni. Èmi kì í dà á lẹ́ẹ̀kan. Kílò 25 sí 30 ni mo ń kọ́kọ́ dà, mo ń wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì, torí ó rọrùn láti fi kún un, kò sì rọrùn láti yọ ọ́. Iyọ̀ tí kò ní áyódíìnì, tí wọn ò fi oògùn tí kì í jẹ́ kí iyọ̀ dì sí, tí sodium chloride rẹ̀ tó 99 nínú ọgọ́rùn-ún, ni kí ẹ lò. Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó dà á, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èyí tó bá jókòó sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 kí ẹ tó tan ẹ̀rọ padà.

Òtútù: nígbà tí omi bá ti wá sílẹ̀ sí nǹkan bíi 15 °C, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń dín iṣẹ́ kù tàbí kí wọ́n dáwọ́ dúró fúnra wọn. Kì í ṣe àìsàn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìṣàn omi

Bí àpótí bá sọ pé omi kò ṣàn, ohun tó wọ́pọ̀ jù ló rọrùn jù. Ẹ kó ewé kúrò nínú agbọ̀n pọ́ǹpù. Ẹ wo gééjì asẹ́. Bó bá ti ga ju bó ṣe máa ń wà lọ, ẹ fọ asẹ́. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti ti fáálù sí ààbọ̀. Bí pọ́ǹpù yín bá jẹ́ irú èyí tí a ń yí eré rẹ̀ padà, bóyá eré tó kéré jù lẹ gbé e sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni súìsì ìṣàn omi. Inú páìpù ló wà, ó ní ahọ́n kékeré kan tí omi ń tì. Ọfà wà lára rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí omi ń lọ. Mo ti rí èyí tí wọ́n dè sẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni ò sì fura fún oṣù mélòó kan. Ẹ pa iná, ẹ tú u, ẹ yọ irun àti koríko kúrò lára ahọ́n, ẹ fi ìka tì í kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún kẹ́. Bí ẹ bá ní mítà iná, ẹ gbé e sí ibi tó ń dún bí iná bá rí ọ̀nà gbà kọjá: tí ẹ bá tì í ó gbọ́dọ̀ dún, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ó gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé kí ẹ so wáyà méjèèjì pọ̀ kí ẹ̀rọ lè gbàgbé súìsì náà. Ẹ má dán an wò. Súìsì yẹn ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́ nígbà tí omi kò ṣàn. Bí ó bá ṣiṣẹ́ nínú omi tó dúró, háídírójìn á kó jọ sínú páìpù, ó sì lè bú gbàù. Páìpù ti fọ́ báyìí rí, ó sì ti ṣe èèyàn léṣe.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yọ sẹ́ẹ̀lì síta

Ẹ pa iná ní bíréékà, kì í ṣe ní bọ́tìnì lásán. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ ti fáálù, ẹ tú sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ yọjú wò ó láti ẹnu kan bí ẹni ń wo inú ìbọn. Bó bá mọ́, ẹ ó rí àlàfo tó gún régé láàárín awẹ́ kan sí èkejì. Bó bá dọ̀tí, èépá funfun á ti dì mọ́ wọn lára bíi ti inú kẹ́tùlù tó ti pẹ́. Nígbà míì á ti dí àlàfo náà pátápátá. Ẹ sì lè rí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ewé tó há sẹ́nu rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi tó ń tú jáde lẹ́nu rọ́bà fọ̀ ọ́, kí ẹ fi igi tàbí ike tínrín ti èyí tó bá rọ̀ jáde. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí irin kankan họ ọ́: àwọ̀ tí wọ́n kùn ún lára yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀, ó sì tín-ín-rín gidi.

Bí ó bá kù lẹ́yìn èyí, ásíìdì ló kàn, ìyẹn hydrochloric acid tí wọ́n ń tà fún adágún. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ dáàbò bo ojú, kí ẹ sì wà níta gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ inú ike, ásíìdì ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé ásíìdì láé, torí ó lè ta sí yín lójú. Omi mẹ́rin sí ásíìdì kan ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rọ ń sọ. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́wàá sí ọ̀kan, mo sì ń fún un ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ẹ dí ẹnu sẹ́ẹ̀lì kan, ẹ gbé e nàró, ẹ dà á sí i títí yóò fi bo awẹ́ irin, kí ásíìdì má kan ibi tí wáyà ti wọlé. Á bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣàà. Nígbà tí híhó náà bá dákẹ́, láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10, ó ti tán. Ẹ má fi í sílẹ̀ mọ́jú, torí ásíìdì ń jẹ àwọ̀ ara irin náà pẹ̀lú. Ẹ fi omi ṣàn án dáadáa.

Bí èépá bá ń padà wá lóṣooṣù, omi yín ni kí ẹ bi. Adágún oníyọ̀ máa ń gbé pH (òṣùwọ̀n tó ń sọ bóyá ásíìdì inú omi pọ̀ tàbí ó kéré) gòkè fúnra rẹ̀. Ẹ máa fà á padà sí 7.2 sí 7.8, kí ẹ sì jẹ́ kí kálísíọ̀mù, èròjà tó ń di èépá, wà láàárín 200 sí 400 ppm.

Ìgbésẹ̀ 6: Iná mànàmáná

Níbi tí mo ti ń dá àwọn tí kò mọ̀ nípa iná dúró nìyí. Inú àpótí náà ní iná ilé, ẹ̀gbẹ́ omi lẹ sì wà. Bí ọwọ́ yín kò bá dá ṣáṣá níbẹ̀, ẹ pe oníná.

Ohun tí ojú lè rí kò nílò mítà: ẹ pa bíréékà, ẹ yọ orí wáyà tó lọ sí sẹ́ẹ̀lì. Ṣé ó ti dúdú? Ṣé ike rẹ̀ ti yọ́? Ámpù púpọ̀ ló ń gba ibẹ̀. Bí kò bá fún, á gbóná títí á fi jóná. Ẹ wo fíúsì. Ẹ gbọ́ òórùn inú àpótí, torí pátákó iná tó jóná kì í ṣòro láti mọ̀. Nínú àwọn àpótí kan, nǹkan dúdú róbótó kékeré kan wà lára pátákó náà tó ń dá iná dúró díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ; òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ jó, oníná sì lè pààrọ̀ rẹ̀ láìra àpótí tuntun.

Oníná yóò wá wọn fóltì àti ámpù tó ń lọ sí sẹ́ẹ̀lì, kó fi wé ti ìwé ẹ̀rọ. Bí fóltì kò bá jáde rárá, àpótí ló ní ẹ̀sùn. Bí fóltì bá pé tí ámpù sì kéré gan-an, nígbà tí iyọ̀ pé, tí omi gbóná tó, tí ẹ sì ti fọ awẹ́ irin, sẹ́ẹ̀lì ló ti gbó. Bí mítà bá fi àmì ìyọkúrò hàn, ẹ má dààmú: lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni ẹ̀rọ ń yí ọ̀nà iná padà kí èépá lè bọ́ kúrò lára irin.

Bó bá ti kú lóòótọ́

Nǹkan bíi wákàtí 10,000 ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ń lò. Ní wákàtí 8 lójúmọ́ ní 100, ìyẹn jẹ́ ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ tàbí kó dín díẹ̀. Ní 50 ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, torí wákàtí tó fi sinmi kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà sẹ́ẹ̀lì ọdún kan tí wọ́n ní ó ti kú yẹ kó mú ìfura dání. Ti ọdún mẹ́fà kò yani lẹ́nu.

Títí tuntun yóò fi dé, kílórínì olómi ni kí ẹ máa fi tọ́jú omi lójoojúmọ́, kí ewédò má bàa gba ilé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára àpótí sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bára mu lójú lè má bá àpótí yín ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, àwọn àpótí kan fẹ́ kí ẹ yan irú sẹ́ẹ̀lì tuntun náà kí ẹ sì dá òǹkà wákàtí padà sí òdo. Ẹ tún ìdánwò ẹnu ihò ṣe, kí ẹ fi máákà tí omi kì í pa rẹ́ kọ ọjọ́ náà àti iye ppm tí ẹ rí sára sẹ́ẹ̀lì.